Àwa ló wà láàárín ọdún mẹ́ta yẹn: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ olùdarí Johnson & Johnson

Sí Ọ̀gbẹ́ni Joaquin Duato, alága àti ọ̀gá àgbà, àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ olùdarí Johnson & Johnson, ní New Brunswick, ìpínlẹ̀ New Jersey.

Ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo mọ̀ pé lẹ́tà Yorùbá kì í sábà dé orí tábìlì yín. Kò burú. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń kà á, bí ẹ bá sì fẹ́ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún yín, owó rẹ̀ ò ní ni yín lára: lọ́dún 2024 nìkan, ọjà tí ẹ tà kárí ayé jẹ́ bílíọ̀nù 88.8 dọ́là.

N ò wá bú yín. Àwọn tó ń bú yín ti pọ̀ nílẹ̀, àwọn agbẹjọ́rò wọn sì mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, lórí àtíkè tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti tìtorí rẹ̀ pè yín lẹ́jọ́, pé ó fa jẹjẹrẹ sí àwọn lára. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ẹ kéde pé ẹ máa dẹ́kun títa àtíkè ọmọ-ọwọ́ tí wọ́n fi talc, òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná, ṣe ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Níbi tó kù láyé, ẹ ń tà á lọ. Ó di ọdún 2023 kí ẹ tó ká a kúrò nílẹ̀ pátápátá. Láàárín 2020 sí 2023, ta ló ń fi àtíkè yẹn kun ọrùn ọmọ? Àwa ni. Gbogbo ayé tí kì í ṣe Amẹ́ríkà, tí kì í ṣe Kánádà.

Kí ẹ má bàa rò pé ẹni tí ò mọ̀ yín ló ń pè yín lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí.

Ní ọdún 1876, Joseph Lister, dókítà oníṣẹ́-abẹ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí Philadelphia. Ó wá sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí ló ń ti ọwọ́ dókítà àti irinṣẹ́ rẹ̀ wọ inú egbò aláìsàn, tí egbò náà fi ń kẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò gbà á gbọ́. Láyé ìgbà yẹn, aṣọ àwọ̀lékè tí ẹ̀jẹ̀ àná ti gan mọ́ ni dókítà ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ abẹ tòní. Robert Wood Johnson, tó ń ṣòwò oògùn, gbọ́ ọ̀rọ̀ Lister, òun sì gbà á gbọ́. Lẹ́yìn ọdún 10, ní 1886, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, James àti Edward Mead, dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní New Brunswick pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 14. Òwú àti báńdéèjì tí wọ́n ti pa kòkòrò ara rẹ̀ kí wọ́n tó dì í ni wọ́n ń tà. Dókítà tó bá já ìdì náà mọ̀ pé ọwọ́ ẹlẹ́gbin ò tíì kàn án. Ní 1888, wọ́n kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú àpótí fún àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí irin ń gé lójoojúmọ́, tí ilé ìwòsàn sì jìnnà sí. Àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì tí a ń rí lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ àti nínú ọkọ̀ lónìí, ọmọ àpótí yẹn ni.

Bí àtíkè náà ṣe dé dùn mọ́ mi nínú láti gbọ́. Dókítà kan kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ yín pé pílásítà oníoògùn yín ń yún aláìsàn òun lára. Fred Kilmer, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìwádìí yín, fi agolo talc kan láti Ítálì ránṣẹ́ sí i, pé kó máa fi kun ojú ibẹ̀. Nígbà tó di 1894, àtíkè ọmọ-ọwọ́ ti wà lórí àtẹ. Lẹ́tà ló bí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Bóyá wọ́n ṣì ń ka lẹ́tà ní ilé-iṣẹ́ yín bí Kilmer ṣe kà á nígbà náà, n ò lè sọ, àmọ́ lẹ́tà náà ni mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀.

(Ti Band-Aid náà ò ṣé fò. Earle Dickson, tó ń bá yín ra òwú, ní ìyàwó tí ọ̀bẹ ìdáná kì í yéé gé lọ́wọ́. Ní 1920 ó ge báńdéèjì kékeré, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ téèpù, kí obìnrin náà lè máa dì í fúnra rẹ̀. Ìfẹ́ ìyàwó di ọjà tí gbogbo ayé ń rà.)

Ní 1943, Robert Wood Johnson kejì, ọmọ olùdásílẹ̀, kọ ìwé olójú-ewé kan tí ẹ ń pè ní Credo. Ọdún tó tẹ̀lé e lẹ kọ́kọ́ ta ìpín ilé-iṣẹ́ yín fún aráàlú, lójú tèmi ọkùnrin yẹn ti rí ohun tó ń bọ̀. Ó mọ̀ pé bí owó àlejò bá wọlé, ẹnu àlejò á gùn ju ti onílé lọ. Ló bá to àwọn tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dá lóhùn tẹ̀lé ara wọn. Bó ṣe wà lónìí, aláìsàn, dókítà, nọ́ọ̀sì, ìyá àti bàbá, gbogbo ẹni tó ń lo ọjà yín, ló ṣíwájú. Òṣìṣẹ́ yín tẹ̀lé wọn. Àwùjọ tí ẹ ń gbé àti gbogbo àgbáyé ló ṣìkẹta. Ẹni tó ra ìpín ló kẹ́yìn pátápátá. Ẹ gbẹ́ ẹ sára òkúta ní olú ilé-iṣẹ́ yín, ẹni tó bá wọlé a sì rí i kà.

Òkúta yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ayé sì gbọ́. Ní òpin oṣù kẹsàn-án ọdún 1982, èèyàn méje kú ní Chicago àti agbègbè rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n lo kápúsù Tylenol, oògùn ara ríro yín. Ẹnì kan tí wọn ò tíì dá lẹ́jọ́ ikú yẹn títí dòní ló bu májèlé cyanide sínú kápúsù náà lẹ́yìn tó ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ ò mọwọ́, ẹ ò mẹsẹ̀. Bí ẹ bá ní Chicago nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, pé ìgò tó wà ní Chicago nìkan lẹ máa kó, ta ni ì bá bá yín wí? James Burke, ọ̀gá àgbà yín nígbà náà, ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí aráàlú má lo Tylenol oníkápúsù mọ́, ẹ sì kó nǹkan bíi mílíọ̀nù 31 ìgò kúrò lórí àtẹ jákèjádò Amẹ́ríkà. Ó ná yín ní ohun tó ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ. Kí ọdún náà tó parí, Tylenol ti padà sọ́jà nínú ìdì tí wọ́n lẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣí kó má hàn. Bí wọ́n ṣe ń lẹ ọ̀nà ọ̀fun ìgò oògùn pa káàkiri ayé lónìí, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń kọ́ èèyàn ní ìṣàkóso ilé-iṣẹ́ ṣì ń fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ fara balẹ̀ wo ó. Lọ́dún 1982, nǹkan ṣẹlẹ̀ ní agbègbè kan, ẹ kó ọjà kúrò jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún 2020, ẹ kó ọjà kúrò ní orílẹ̀-èdè méjì, ẹ fi gbogbo ayé sílẹ̀.

Mo mọ èsì tí ẹ máa fọ̀. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra; cyanide jẹ́ májèlé, àmọ́ talc yín ò ní ewu kankan, kò sí asbestos nínú rẹ̀, ẹ sì ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láìyẹhùn. Ẹ ní àwọn oníbàárà yín ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló yí ìwà padà, tí ìròyìn òfegè sì lé wọn sá, lọjà náà ò fi tà mọ́. Ó dáa. Èmi kì í ṣe adájọ́, n kì í sì í ṣe dókítà. Mo mọ̀ pé ẹ ti jàre nínú àwọn ẹjọ́ kan, n ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ohun tó ti wà nílẹ̀ kí oṣù karùn-ún yẹn tó dé, àti èyí tó tẹ̀lé e.

Òkúta ni talc, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Asbestos náà, inú ilẹ̀ ló wà, àwọn méjèèjì sì lè fara kanra nínú ihò kan náà. Asbestos tí èèyàn bá fà símú ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Lórí ìyẹn, kò sí iyàn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2018, Reuters gbé ìròyìn jáde láti inú àwọn ìwé yín tí ilé ẹjọ́ mú yín kó síta, pé láti ọdún 1971 títí di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 2000, àwọn àyẹ̀wò kan rí asbestos díẹ̀díẹ̀ nínú talc yín nígbà mìíràn, àwọn ọ̀gá yín sì mọ̀, wọn ò sọ fún aráàlú. Ẹ ní irọ́ ni. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, sọ pé àwọn rí asbestos nínú ìgò kan, ẹ sì kó nǹkan bíi ìgò 33,000 padà. Ẹ wá ní àyẹ̀wò tiyín ò rí nǹkan kan. Ṣáájú ìyẹn, ní 2018, àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní St. Louis ti ní kí ẹ san bíi bílíọ̀nù 4.69 dọ́là fún obìnrin 22 tó ní jẹjẹrẹ ilé ẹyin. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dín in kù sí nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.1, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti tún un gbọ́ ní 2021. Ní 2024, IARC, ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí jẹjẹrẹ, to talc mọ́ ohun tó ṣeé ṣe dáadáa kó máa fa jẹjẹrẹ sára èèyàn.

Gbogbo èyí lè má tó láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí ẹnikẹ́ni fura. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ tuntun gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Àtíkè tí wọ́n fi sítáàṣì àgbàdo ṣe sì wà lọ́wọ́ yín; òun lẹ ń tà fún àwọn ará Amẹ́ríkà àti Kánádà lẹ́yìn 2020. Kí ló dé tí ẹ ò fún gbogbo wa lọ́jọ́ kan náà? Bí talc ò bá ní ewu, kí ló dé tí ẹ wá pa á tì níbi gbogbo ní 2023? Bó bá sì jẹ́ pé nítorí owó ni, ẹ sọ pé nítorí owó ni. N ò ní bínú sí òótọ́.

Ohun tó ń dùn mí gan-an wá kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ẹ lo òfin kan ní ìpínlẹ̀ Texas tó ń jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kan la ara rẹ̀ sí méjì. Dúkìá lọ sí apá kan. Ẹjọ́ àtíkè, tó ti tó nǹkan bíi 38,000, lọ sí apá kejì. Apá kejì yìí lẹ sọ ní LTL Management, kò sì pẹ́ tó fi wọ ilé ẹjọ́ àwọn onígbèsè, pé òun ti wọ gbèsè. Ọmọ ọjọ́ mélòó kan, ó ti jẹ gbèsè tí kò lè san! Ìyá rẹ̀ ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lówó bí òkun. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Philadelphia ní kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù, torí pé kò sí òṣì kankan lára LTL, ẹ̀yin fúnra yín ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa sanwó fún un. Lóṣù kẹrin, ọjọ́ tí wọ́n dà á nù gan-an lẹ tún padà gbé e wọlé, kò ju wákàtí bíi méjì lọ. Wọ́n tún dà á nù. Ní 2024 ẹ tún gbé òmíràn wá sí Houston, Red River Talc lorúkọ rẹ̀, adájọ́ tún kọ̀ ọ́ ní òpin oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbà pé ẹ fi owó ńlá sórí rẹ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án dọ́là, mo sì gbà pé àwọn olùpẹ̀jọ́ kan fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ gbẹ́ sára òkúta ò pín oníbàárà sí ọmọ ilé-iṣẹ́ kan tí yóò kú sí ilé ẹjọ́ onígbèsè.

Pípín kejì tún wá ṣẹlẹ̀. Ní 2023 náà, ẹ ya àwọn ọjà tí a mọ̀ yín mọ́ sọ́tọ̀: àtíkè, Band-Aid, Tylenol, Listerine. Wọ́n di ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ń jẹ́ Kenvue. Tiyín wá ku oògùn tí dókítà ń kọ fún èèyàn àti irinṣẹ́ iṣẹ́ abẹ. N ò rí ohun tó burú nínú kí onílé pín ilé rẹ̀. Ibi tó ti kàn mí ni bí ẹ ṣe pín gbèsè àtíkè: ti Amẹ́ríkà àti Kánádà wà lọ́wọ́ yín, ti ibi tó kù láyé bá Kenvue lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Kimberly-Clark, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe bébà ìnujú, kéde pé òun fẹ́ ra Kenvue. Ẹ bá mi ká a lórí ìka. Ẹni tó ra àtíkè lọ́wọ́ Johnson & Johnson ní 2021, lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ẹnu ọ̀nà Kenvue ló máa kan ní 2024, ó sì lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ń ṣe bébà ìnujú ló máa kàn lọ́la. Orúkọ yín ló wà lára ìgò, orúkọ tí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀ mọ̀.

Kì í ṣe pé ẹ ò lè gbọ́ ohùn ẹni tó wà lókèèrè. Ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ní 1961, ẹ ra ilé-iṣẹ́ Paul Janssen ní Beerse, ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ibẹ̀ ni haloperidol fún àrùn ọpọlọ, loperamide fún ìgbẹ́ gbuuru àti mebendazole fún aràn inú ti jáde, oògùn tó ti wọ ilé olówó àti tálákà. Ibẹ̀ náà ni bedaquiline ti jáde, tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù kejìlá ọdún 2012. Ó ti lé ní 40 ọdún kí irú oògùn tuntun bẹ́ẹ̀ tó tún dé fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, TB. Ṣáájú rẹ̀, ẹni tí TB rẹ̀ bá ti gbó sí oògùn, abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fún un fún oṣù pípẹ́, abẹ́rẹ́ náà sì lè di í létí. Obìnrin méjì tí abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ti di létí, ọ̀kan ní Íńdíà, ọ̀kan ní South Africa, lọ kọjú yín ní ọ́fíìsì pátẹ́ǹtì ilẹ̀ Íńdíà. Ẹ fẹ́ kí àṣẹ tó sọ pé ẹ̀yin nìkan lẹ lè ṣe é gùn sí i ju ọdún 2023 lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, ọ́fíìsì náà gbọ́ tiwọn, ó kọ tiyín. Àwọn tó ń jà fún aláìsàn TB kárí ayé pariwo. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ẹ kéde pé ẹ ò ní fi pátẹ́ǹtì bedaquiline di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní orílẹ̀-èdè 134 tí kò lówó púpọ̀. Mo kí yín fún un, mo sì kí àwọn obìnrin méjì yẹn jù yín lọ.

Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí mo ń fẹ́ kì í ṣe owó. Mo fẹ́ kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ sí i, pé ẹnikẹ́ni tó bá ra àtíkè talc tó ní orúkọ yín lára, níbikíbi láyé, lè mú ẹ̀sùn rẹ̀ wá bá Johnson & Johnson, ẹ ò sì ní tọ́ka rẹ̀ sí Kenvue tàbí ẹni tó bá ra Kenvue. Mo fẹ́ kí ẹ kó gbogbo àyẹ̀wò talc tí ẹ ṣe láti 1971 síta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, kì í ṣe èyí tí adájọ́ fi tipátipá gbà lọ́wọ́ yín nìkan. Bí talc yín ò bá lẹ́bi, ìwé yẹn ló máa kọ́kọ́ gbèjà yín. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2025, nǹkan bíi 3,000 èèyàn gbé yín lọ sílé ẹjọ́ ní London lórí ọ̀rọ̀ yìí kan náà. Kò tíì pẹ́ jù láti dá wọn lóhùn láì dúró de adájọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè tí mo gbé wá ṣì kù nílẹ̀. Lọ́jọ́ kan ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àwọn èèyàn jókòó nínú yàrá kan ní New Brunswick, tàbí lórí ẹ̀rọ ayélujára, torí àkókò Kòrónà ni. Wọ́n fẹnu kò pé àtíkè yìí ò ní dé ọ̀dọ̀ ọmọ-ọwọ́ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà mọ́, kí ó sì máa dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọwọ́ tó kù. Òkúta yín to àwọn tí ẹ gbọ́dọ̀ dá lóhùn sí ipò mẹ́rin. Ní ọjọ́ yẹn, ipò wo lẹ fi àwa sí?

Mo ń retí èsì yín.

Èmi ni ọ̀kan nínú àwọn tó ń lo ọjà yín lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà.